Ọjọ́ Àìkú Muaz Létí Odò Sesia

Ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin daṣẹ́ sílẹ̀ ni Jàmílátù kọ́kọ́ rí Muaz, ní ibùdókọ̀ Novara. Ó fẹ́ padà sí Torino, wọ́n bá gbé "sciopero" sójú pátákó. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n sun ibí."

Ọkùnrin tó jókòó nítòsí rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ Yorùbá ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ń fi mọ́tò lọ sí Torino, ẹ lè bá a lọ."

Jàmílátù wò ó tòkè-tilẹ̀. "Mi ò kì í wọ mọ́tò ẹni tí mi ò mọ̀."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká jọ dúró de bọ́ọ̀sì nígbà náà."

Wákàtí mẹ́ta ni Muaz fi bá a dúró, bẹ́ẹ̀ Novara níbẹ̀ ni ilé tirẹ̀ wà. Ìyẹn ló wọ Jàmílátù lọ́kàn.

Muaz ń wa muletto, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù, ní ilé ìkẹ́rùsí kan; Jàmílátù ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Torino. Nígbà tó di oṣù kẹjọ tí wọ́n ti ń fẹ́ra, Muaz wá rí bàbá Jàmílátù, Alhaji Jùbrílù, ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ mọ́tò. Wọ́n fi ìsoyìgì sí oṣù Kọkànlá. Ṣùgbọ́n bí àlejò ti lọ, bàbá ní, "Ọmọ náà ń wolẹ̀ jù. Ẹni tó ń wolẹ̀ jù, nǹkan wà tó ń fi pamọ́."

Láti ìparí oṣù Kẹjọ, Jàmílátù ò rí Muaz lọ́jọ́ Àìkú mọ́.

"Turno ni, ìfẹ́ mi," ni Muaz ń wí. "Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wọn, èmi ni iṣẹ́ ọjọ́ Àìkú kàn."

Ó gbà á gbọ́ títí ó fi bá Akínlolú, tí òun náà ń ṣiṣẹ́ níbi iṣẹ́ Muaz, sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Akínlolú ní, "Ọjọ́ Àìkú kẹ̀? Títì ni géètì wa máa ń wà."

Nígbà tí Muaz tún wá, iná tàn lójú fóònù rẹ̀ lórí tábìlì. Chiara ló kọ̀wé: "Domenica passo a prenderti alle sette. Porta gli stivali." Ó ń bọ̀ wá gbé e lọ́jọ́ Àìkú ní aago méje, kó mú bàtà òjò dání.

"Ta ni Chiara?"

Muaz wolẹ̀. "Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ni."

Jàmílátù sọ fún bàbá rẹ̀. Bàbá ní, "Bàtà òjò? Bí kò bá jẹ́ àlè, a jẹ́ pé awo ló ń ṣe." Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, bàbá fúnra rẹ̀ ló mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Láti ìtòsí ilé Muaz ni wọ́n ti rí obìnrin náà tó wá fi mọ́tò gbé e. Ọ̀dọ́ ni, ó sì rẹwà, irun rẹ̀ pọ́n bí epo. Muaz jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n tẹ̀lé wọn títí dé ẹsẹ̀ òkè, níbi tí odò Sesia ti ń ṣàn láàárín òkúta.

Láti ẹ̀yìn igi ni wọ́n ti ń wò wọ́n. Muaz wọ odò dé itan, ó ju ìwọ̀ sómi. Nígbà tí ẹja gbé e, ó rọra fà á mọ́ra, ó kúnlẹ̀, ó dì í mú nínú omi níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì. Chiara wọn ẹja náà, ó kọ nǹkan sínú ìwé. Lẹ́yìn náà Muaz la ọwọ́, ẹja ńlá náà sì lọ.

"Aúsù bílláhi," ni bàbá wí. "Ó ń bá ẹja sọ̀rọ̀."

Jàmílátù ò dúró mọ́. Ó jáde sí etí odò. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bùọ̀dá Muaz. Ibi tí ẹ ti ń ṣe turno nìyí?"

Muaz fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sómi. Ó bọ́ sókè, omi ń kán lára rẹ̀. Ó ní ẹja trota ni. Ẹyin ti kún inú wọn, wọn ò sì ní pẹ́ yé e. Chiara ń ka iye wọn fún ẹgbẹ́ apẹja, òun ń bá a mú wọn, wọ́n á wọ̀n wọ́n, wọ́n á sì dá wọn padà kí wọ́n lè bímọ.

"Ẹnu rẹ tó ń mì ńkọ́?" bàbá bi í.

"Bísímílláhì ni, sà. Mo máa ń ṣe é kí n tó fọwọ́ kàn wọ́n."

"Ó dáa. Kí ló wá dé tí ẹ fi purọ́?" ni Jàmílátù wí.

"Mo ti fẹ́ ọmọge kan rí ní Udine, Fathiyyah. Ìyá rẹ̀ gbọ́ pé mò ń mú ẹja tí mo ń dá a padà, wọ́n ní odò ni mò ń bọ. Wọ́n tú ìfẹ́ wa ká. Mo rò pé bí yìgì bá ti so tán, màá sọ fún ọ."

"Kí yìgì so tán kí n tó mọ ẹni tí mo fẹ́?"

Bàbá wo Muaz lójú. "Ṣé o purọ́ fún ọmọ mi?"

"Mo purọ́, sà."

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Tèmi tán. Tìrẹ ló kù."

Jàmílátù bẹ̀rẹ̀ sí í rìn padà sí mọ́tò. Ẹni tó lè purọ́ nítorí ẹja, kí ni kò ní purọ́ lé lórí? Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, èyí tó kẹ́yìn kí wọ́n tó ti odò náà mọ́ àwọn apẹja, ó padà lọ. Ó jókòó lórí òkúta, ó ń ṣọ́ wọn. Chiara rí ojú rẹ̀. Ó fi ìwé náà lé e lọ́wọ́, ó ní kó bá òun kọ ọ́, òun ń lọ sí òkè odò.

Jàmílátù ṣí ìwé náà, ó ń wo déètì. Orúkọ Muaz wà lábẹ́ gbogbo ọjọ́ Àìkú, àfi ẹyọ kan.

"Ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Kẹsàn-án, orúkọ rẹ ò sí níbí. Níbo lo wà?"

"Udine."

"Lọ́dọ̀ Fathiyyah?"

"Lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Nọ́ńbà wọn nìyí. Pè wọ́n, mi ò ní sọ̀rọ̀."

Jàmílátù tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí obìnrin náà gbé e, Jàmílátù ní ọ̀rọ̀ Muaz ni òun bá wá. Ohùn obìnrin náà le.

"Ṣé ìwọ ni Jàmílátù? Ó wá o. Ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní kí n má ba ti ẹ̀yin méjèèjì náà jẹ́. Orúkọ rẹ ló ń pè ṣáá. Mi ò fẹ́ràn ọmọkùnrin yẹn títí dòní, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ mọ́ ọn."

Jàmílátù pa fóònù. Ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú. Muaz ò sún mọ́ ọn. Ó dúró sínú omi tútù náà, ó ń retí.

"Bí o bá tún purọ́ fún mi, Muaz, bó ti wù kó kéré tó, mi ò ní béèrè ìdí, màá lọ ni."

"Mo gbọ́, àyànfẹ́ mi."

"Jáde nínú omi, ètè rẹ ti ń dúdú. Ká pe bàbá mi, kí wọ́n lọ sọ fún lèmọ́mù pé ọjọ́ tá a dá ò yẹ̀."