Ẹ̀rọ Oríyọmí àti Èémí Ìsàlẹ̀-Ọ̀sà

Ìgbì náà dìde, ó ga ju òrùlé lọ, ó tẹrí síwájú láti dà lé ọkọ̀ Oríyọmí, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Kò dà, kò padà. Ó dúró gbagidi lójú ẹ̀rọ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó ń bọ̀ wá ṣe. Oríyọmí yí ìtọ́kọ̀ sí òsì, ọkọ̀ kò dáhùn. Ó yí i sí ọ̀tún. Lójijì ni ìgbì fò láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìgba àárín kọjá, ọkọ̀ dojú dé, omi sì bo gbogbo rẹ̀.

"Ẹ wá wo ọmọ Ìlàjẹ tó ń rì sómi!" Akínmúyì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń bá a ṣe ìdánrawò láti ilé tirẹ̀, bú sẹ́rìn-ín sí i létí.

"Kì í ṣe èmi o. Ẹ̀rọ yìí ló ń dójú tì mí."

"Ẹ̀rọ tó o fi odidi ọdún tò jọ yẹn?"

Ìbéèrè yìí dun Oríyọmí ju ọkọ̀ tó rì lọ. Òótọ́ ni pé òun fúnra rẹ̀ ló to ẹ̀rọ náà jọ, kò sì sí irú rẹ̀ ní gbogbo Àdúgbò Akàn. Ọpọlọ ẹ̀rọ náà yá, pátákó ayàwòrán tó wà nínú rẹ̀ sì ni èyí tó lágbára jù lọ tí ọkọ̀ ẹrù gbé wá láti òkè. Ohun tí àwọn eléré ń pè ní ìyára àwòrán kò ju iye àwòrán tí ẹ̀rọ ń yà kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Bó bá yà púpọ̀, eré a máa ṣàn bí omi. Bó bá yà díẹ̀, gbogbo nǹkan a máa ta gìrì bí ọ̀mùtí tó ń gun àkàbà. Ẹ̀rọ Oríyọmí, tó yẹ kó máa ṣàn, ti wá ń ta gìrì.

Láyé ìgbà tí à ń sọ yìí, òkun ti gbé etíkun mì tipẹ́. Àwọn ará Ìlàjẹ, tí wọn kò mọ ilé míì ju ojú omi lọ, kò sá gun òkè. Wọ́n ní omi tó gba ilẹ̀ àwọn ni yóò fún àwọn ní òmíràn. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ omi, wọ́n fi ìgò tó nípọn ju ògiri lọ bo ilẹ̀, wọ́n kọ́lé sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì sọ ibẹ̀ ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀sà. Ẹja ń gba orí ilé wọn kọjá bí ẹyẹ. Nínú ilé kọ̀ọ̀kan, ihò-èémí wà lára ògiri, ẹ̀rọ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá-Èémí ló sì ń ṣí i, tó ń pa á dé. Òun ló ń ṣírò bí àyà ẹnìkọ̀ọ̀kan ṣe ń fà, ibi tí èémí ti ń tán lọ àti ibi tó ti pọ̀ jù. Ẹnikẹ́ni kò béèrè bóyá ó lè rẹ Ìyá-Èémí. Ta ló ń béèrè lọ́wọ́ ilẹ̀ bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́?

Ìdíje ìkẹyìn eré ọkọ̀ yìí, Wakọ̀-Níjì, ti dé tán, ẹni tó bá jẹ ẹ́ ni Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọkọ̀-Ọ̀run, tó wà lórí ilẹ̀, yóò mú láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ lọ sí òṣùpá. Wọ́n ní ọwọ́ tó bá lè tọ́kọ̀ nínú ìjì eré náà, yóò lè tọ́ ọ láàárín òkúta ojú ọ̀run. Oríyọmí kò tíì fi ojú lásán rí oòrùn rí. Òun àti Dékúnlé, ọmọ Ìlú Aléfòó, ló kù.

Ó tú ẹ̀rọ náà palẹ̀. Ó fẹ́ eruku inú fáànù rẹ̀ dànù. Ó yẹ wáyà tó lọ sí ojú ẹ̀rọ wò, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ki í bọ ẹnu tí kì í ṣe tirẹ̀, tí wọ́n á fi pátákó olówó ńlá sílẹ̀ láìṣiṣẹ́. Ẹnu rẹ̀ gan-an ló wà. Ó wò ó bóyá ẹ̀rọ ń ṣún iná lò, kò rí bẹ́ẹ̀. Níkẹyìn, ó dín ẹwà eré kù, ó yọ òjò kúrò, ó yọ ìkùukùu, ó sọ omi di aláwọ̀ kan ṣoṣo. Síbẹ̀, eré kò yá sí i rárá.

Ibẹ̀ ni ara ti fu ú. Bí o bá sọ ẹrù ẹni kalẹ̀ tí kò sì yára sí i, á jẹ́ pé ẹrù míì wà lórí rẹ̀ tí o kò rí. Ó pa eré náà tán pátápátá, ó gbé ọwọ́ lé ara ẹ̀rọ. Ó gbóná janjan.

"Kí lò ń ṣe tí n kò mọ̀?" ó bi í sókè.

"Ta lò ń bá wí?" Ìyá rẹ̀ ló yọjú láti yàrá kejì, ó gbá aṣọ mọ́ àyà. Àyà màmá náà kì í ṣe alágbára. Ọjọ́ tí omi gbé ilé wọn ti òkè lọ ló ti fa omi òkun sáyà.

"Ẹ̀rọ ni, màmi."

"Bó bá dá ọ lóhùn, kó o pè mí." Ó rẹ́rìn-ín, ó padà lọ jókòó.

Oríyọmí ṣí ibi tí ẹ̀rọ ti ń fi gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn. Ó rí ohun kan tó ń jẹ́ Ìránṣẹ́-Ilé. Kékeré ni, gbogbo ilé ló ní in; àwọn aláṣẹ èémí ló fi sínú ẹ̀rọ gbogbo láti máa tan iná àti láti máa tilẹ̀kùn. Iṣẹ́ tí kò yẹ kó tó nǹkan ni. Àmọ́ òun ló gba agbára pátákó ayàwòrán ju ìdajì lọ, ó jókòó sídìí rẹ̀ bí àlejò tó gba ibùsùn onílé.

Ó dá a dúró. Kíá ni fáànù rọlẹ̀. Ó ṣí eré padà, ìgbì sì ṣàn wá, ó tutù lójú, ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan ń tàn. Oríyọmí pariwo ayọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ìdíje. Àárọ̀ ọjọ́ náà, Ìránṣẹ́-Ilé ti jí fúnra rẹ̀. Oríyọmí tún dá a dúró, ó sì wọ eré. Dékúnlé mọṣẹ́, kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ọwọ́ Oríyọmí àti ojú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ó rí ìjì kó tó kó ara jọ. Ó gba ìsàlẹ̀ ìgbì tó ń ya lulẹ̀, ó yọ níwájú Dékúnlé, ó sì ń fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Akínmúyì ń pariwo orúkọ rẹ̀ létí. Etíkun tí eré parí sí ti hàn lọ́ọ̀ọ́kán.

Ìgbà náà ló ṣàkíyèsí pé orí ń fọ́ òun. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ohùn kan wà nínú ilé láti ìgbà tó ti dáyé, wúùù, tí kì í dákẹ́, tí etí kì í sì kà sí. Ohùn yẹn kò sí mọ́.

"Oríyọmí..."

Ìyá rẹ̀ di férémù ilẹ̀kùn mú. Ètè rẹ̀ ti ń ṣú. Lókè orí rẹ̀, ihò-èémí ti pa dé. Láti ilé kejì, ẹnì kan ń fi ọwọ́ lu ògiri, ọmọdé kan sì ń húkọ́ láìdáwọ́ dúró.

Kò sí ìgbà láti rò ó. Ohun kan ṣoṣo ló ti yí padà nínú ilé yẹn, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ yí i. Ó fi ìtọ́kọ̀ sílẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó jí Ìránṣẹ́-Ilé dìde. Fáànù ké. Nínú eré, ìgbì dúró sójú kan, ọkọ̀ rẹ̀ ta gìrì, ó ta gìrì, ó dojú dé. Dékúnlé kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ sí etíkun.

Ihò-èémí ṣí. Afẹ́fẹ́ rọ́ wọlé. Oríyọmí ti wà nílẹ̀, ó gbé orí ìyá rẹ̀ tó ti ṣubú lé itan, ó ń ka bí àyà náà ṣe ń lọ tó ń bọ̀, títí ètè rẹ̀ fi pọ́n padà.

"Ṣé eré ti parí ni?" ìyá rẹ̀ béèrè.

"Ó ti parí, màmi. Ẹ máa mí."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ara màmá ti balẹ̀, Oríyọmí lọ bá Bàbá Ayédùn, olórí àwọn àgbà ìlú, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́. Bàbá dìde. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó kó àwọn àgbà jọ, ó sì ní kí wọ́n pe Ọ̀mọ̀wé Mọrẹ́nikẹ́ wá, obìnrin onímọ̀ tí ìtọ́jú Ìyá-Èémí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀mọ̀wé kò jiyàn. Ó ní kí wọ́n tẹ̀ lé òun. Ó ṣí ilé ńlá tí Ìyá-Èémí wà, ẹ̀rù sì ba gbogbo wọn, torí òkùnkùn ló pàdé wọn. Ẹ̀rọ tó ga tó òpó mẹ́rin dúró bí òkúta, ó tutù, iyọ̀ ti hu sára rẹ̀ bí funfun ara ògiri àtijọ́.

"Omi iyọ̀ ló jò wọ inú rẹ̀," ni Ọ̀mọ̀wé wí. "Ó ti kú láti ìgbà òjò."

"Ìgbà òjò wo?" Bàbá Ayédùn béèrè. "Èyí tó kọjá yìí? Kí la wá ń mí láti ìgbà náà?"

"Ẹ̀rọ eré ni, bàbá. Pátákó tó ń ya àwòrán eré mọ ìṣirò kéékèèké púpọ̀ ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Irú ìṣirò tí èémí ń fẹ́ náà nìyẹn. Mo fi Ìránṣẹ́-Ilé pín iṣẹ́ Ìyá-Èémí sórí ẹ̀rọ gbogbo ilé. Èyí tó bá lágbára jù ládùúgbò ló ń gbé ẹrù àdúgbò náà." Ó wo Oríyọmí. "Tìrẹ ló ń gbé gbogbo Àdúgbò Akàn, ọmọ mi. Nígbà ìdánrawò rẹ, ẹ̀rọ àdúgbò kejì bá ọ gbé e. Lánàá, gbogbo wọn ló ń wo eré rẹ. Kò sí èyí tó ráyè."

"O gbé ẹ̀mí wa lé orí eré ọmọdé, o kò sì sọ fún wa!" Bàbá na ọ̀pá rẹ̀ sí i.

"Bí mo bá sọ ńkọ́? Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń gbé èèyàn ròkè níbí, bàbá. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe kéré tó. Ẹ ò bá tẹ ara yín pa lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n lókè fún ẹ̀rọ tuntun, wọ́n ní kí n dúró. Mi ò sùn dáadáa láti ìgbà náà. Gbogbo òwúrọ̀ ni mò ń ka àwọn ilé, tí mò ń wò ó bóyá wọ́n ṣì ń mí."

"Mo gbọ́. O gbà wá là, n kò ní fi í dù ọ́." Bàbá fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Ṣùgbọ́n wo ọmọ yìí. Ká ní o ti sọ ni, ṣé yóò dá Ìránṣẹ́-Ilé rẹ̀ dúró? Kì í ṣe ìpayà ló fẹ́ pa wá lánàá, Mọrẹ́nikẹ́. Àìmọ̀ ni. O kà wá sí ẹni tí kò lè gbọ́ òótọ́ kó dúró."

Ọ̀mọ̀wé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n gba ẹrù kúrò lórí rẹ̀ tí ọrùn rẹ̀ kò tíì mọ̀ pé ó ti kúrò.

Oríyọmí ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà. Ó ní bí ẹ̀rọ bá wà nílé oníkálukú, ẹni tó bá fẹ́ ṣeré yóò ṣáà máa gba èémí lẹ́nu ẹlòmíì. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo wọn wá sínú ilé yìí, níbi tó tutù, kí wọ́n má ṣe iṣẹ́ míì àfi èyí, títí ẹ̀rọ tuntun yóò fi dé.

"Ó lè tó ọdún mélòó kan o," ni Ọ̀mọ̀wé wí.

"Ó yé mi, mà."

Wọ́n kéde rẹ̀ fún ìlú lọ́jọ́ náà gan-an. Ariwo sọ, kò ṣeé ṣe kó má sọ. Àwọn kan sáré dé ẹnu ọkọ̀ agbéniròkè, wọ́n dúró níbẹ̀, wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì padà sílé lọ gbé ẹ̀rọ wọn. Akínmúyì gbé tirẹ̀ lérí. Ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé kan fi aṣọ ìgbéyàwó wé tirẹ̀ kó má baà forí gbá nǹkan. Oríyọmí àti Ọ̀mọ̀wé ń so wáyà pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ń jiyàn lórí èyí tó yẹ kó ṣáájú. Nígbà tí wọ́n so ẹ̀rọ Oríyọmí mọ́ ìyókù, ihò-èémí gbogbo ìlú ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, afẹ́fẹ́ sì fẹ́ gba òpópónà kọjá, ó gbá fìlà kúrò lórí àwọn àgbà. Àwọn èèyàn ń sáré lé fìlà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mí kanlẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì mọ̀.

Bàbá Ayédùn wá dúró ti Oríyọmí.

"Wọ́n ní ìdíje lo wà nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ṣé o jẹ ẹ́?"

"Rárá, bàbá."

"Ta ló wà níwájú nígbà tó o dìde?"

Oríyọmí ti wáyà kan bọ ẹnu rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ kó lè dúró dáadáa.

"Èmi ni."

Bàbá kò sọ pé kó má banú jẹ́, kò sì ṣèlérí ohunkóhun. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó jókòó tì í, ó sì ń na wáyà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Oríyọmí mí kanlẹ̀. Ibì kan nínú àyà rẹ̀ ń dùn ún, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa dùn ún fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n èémí náà wọlé, ó dé ìsàlẹ̀ ikùn, ó tutù, ó sì tó.