Ọ́ìlì Bàbá Clement àti Ẹdé Ìyá Sùrájù

"Ẹ kúulé o, ará ibí!"

Ohùn Ìyá Sùrájù nìyẹn lẹ́yìn kíṣìnnì, láàárọ̀ Sátidé kan lọ́dún 1979. Bàbá Clement ti wẹ̀, ó ti fá irùngbọ̀n, ó ti wọ bùbá tó fi áyọ́ọ̀nù lọ̀. Ibo ni baba ń lọ tó múra báyìí? Kò lọ síbì kankan o. Ẹdé ló fẹ́ rà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀ fún yín. Bàbá Clement ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wolé-wolé, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú látọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Kíkẹ́lọmọ, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ló mú un wá sí Festac kó máa bá òun gbé. Opó ni Ìyá Sùrájù náà, ọmọ Àmúwò pọ́ńbélé, tó ń dẹ ìgèrè sínú ọ̀sà láti fi mú ẹdé àti akàn. Ó ti tó ọdún kan tí baba ti ń ra ẹdé tí ilé wọn ò lè jẹ tán. Gbogbo àdúgbò ló mọ ohun tó ń wá. Òun nìkan ni kò tíì lè la ẹnu sọ ọ́.

Ẹ̀fọn Festac nígbà náà, ẹ má wulẹ̀ dá a sọ́rọ̀! Lọ́jọ́ kan tí ẹ̀fọn jẹ Ìyá Sùrájù lẹ́sẹ̀ níbi tó jókòó sí lẹ́yìn kíṣìnnì, tó ń họ ọ́ ṣáá, ọkàn baba ò balẹ̀ mọ́. Ó rántí iṣẹ́ rẹ̀. Láyé òyìnbó, òun ló máa ń gbé páànù òróró apẹ̀fọn kiri Èbúté-Mẹ́ta, tó ń dà á sí kòtò omi kí tanwíjí má baà di ẹ̀fọn. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ́ìlì kọndẹ́m, èyí tí wọ́n tú dànù lára ọkọ̀, lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Mile 2. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń da kẹ́ẹ̀gì kan sí gọ́tà ẹ̀yìn ilé, torí ẹni tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Ṣùgbọ́n ní Sátidé tí mò ń wí yìí, ẹdé tó wà nínú abọ́ Ìyá Sùrájù kò kún ife kan.

"Ṣé kò sí o, Ìyá Sùrájù?"

"Ó wà, Bàbá. Ọ̀sà ti dìdàkudà. Tí mo bá fa ìgèrè mi sókè, dúdú ló ń jáde. Ìwọ̀nba ẹdé tó bá bọ́ sí i, àwọn oníbàárà mi ní ó ń rùn bíi kẹrosíìnì. Àwọn akàn kéékèèké ń kú sétí omi. Mo ti ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Àgbádárìgì. Bí oṣù yìí bá ti parí, n ó kó lọ bá a."

Bàbá Clement sún mọ́ ọn. "Kó lọ? Kó lọ síbo?"

"Àgbádárìgì kẹ̀! Àbí kí n jókòó síbí kí ebi pa mí?"

Inú bí baba. "Ọ̀dájú wo ló ń ba omi jẹ́ báyìí? Bí ọwọ́ mi bá tẹ̀ ẹ́, yóò mọ̀ pé wolé-wolé ni mí!"

Ẹ̀yin ará, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Kò jẹ́ kí ìyá gbé abọ́ sílẹ̀ dáadáa tó fi ní kí àwọn lọ wo etí ọ̀sà. Wọ́n bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba níbẹ̀. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti ń tún omi náà ṣe. Wọ́n ti lé àwọn ọkọ̀ tó ń tú ìgbẹ́ sétí omi, wọ́n sì ń gbin àwọn igi etí ọ̀sà tí àwọn ènìyàn ti gé dáná padà. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń bu omi sínú ìgò láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Adébùnmí ni ọ̀gá wọn. Bó ṣe rí àwọn àgbà méjèèjì, ó gbé ìgò sílẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, sà. Ẹ kú àárọ̀, mà."

"Kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ta ló ń ba omi yìí jẹ́?"

"Ìgbẹ́ ti ń dínkù nínú rẹ̀, sà. Ọ́ìlì ló kù. Ẹ wo bó ṣe ń dán lójú omi. Gọ́tà kan ló ń gbé e wá láti inú Festac, ṣùgbọ́n a ò tíì mọ ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀."

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ni Bàbá Clement wí, ó sì ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. "Ó yá, ẹ tẹ̀lé mi. Kò sí gọ́tà tí n ò mọ̀ ní Festac."

Wọ́n ń tọ gọ́tà lọ. Baba ló ṣíwájú, ó ń fi igi tú omi wò. Níbi tí gọ́tà ti kọ́kọ́ pín sí méjì, omi apá ọ̀tún mọ́, tòsì ló dúdú. Wọ́n yà sósì. Wọ́n rìn síwájú, wọ́n tún yà. Bí wọ́n ṣe ń yà ni ẹsẹ̀ baba ń wúwo. Ó mọ ọ̀nà yẹn. Ó mọ ògiri yẹn. Ó mọ àwọn aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn.

Ẹ̀yìn kíṣìnnì rẹ̀ ni ọ́ìlì náà parí sí. Kẹ́ẹ̀gì àná ṣì dùbúlẹ̀ létí gọ́tà, ó ń kán tó, tó, tó.

Baba lè ní òun ò mọ ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì síbẹ̀. Ta ni ì bá yẹ̀ ẹ́ wò? Ṣùgbọ́n ó wo ojú Ìyá Sùrájù, kò lè purọ́.

"Èmi ni," ó wí. "Èmi gan-an ni ọ̀dájú náà."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín, Bàbá?"

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí rárá. Ẹ̀fọn ló jẹ yín lọ́jọ́ yẹn, ó dùn mí. Mo wá ń da ọ́ìlì ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kó má baà jẹ yín mọ́ tí ẹ bá wá. Mo nífẹ̀ẹ́ yín. Họ́wù, mo ti sọ ọ́!"

"Yéè! Dádì!" Kíkẹ́lọmọ ló pariwo lójú fèrèsé kíṣìnnì. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ìyá Sùrájù dúró, ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo baba. "Irú ìfẹ́ wo ló ń pa ẹdé ẹni?"

Adébùnmí ló gba baba sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màmá. Bàbá, iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ yín nígbà yẹn kì í ṣe irọ́. Kòtò omi tó dá dúró, tí kò ṣàn lọ síbì kankan, ni wọ́n ń da òróró sí, ìwọ̀nba ni wọ́n sì ń dà. Gọ́tà yìí ń ṣàn. Ọ̀sà ló ń bọ́ sí, ọ̀sà sì ń lọ pàdé òkun. Ibi tí omi dídùn àti omi iyọ̀ ti ń dàpọ̀ yẹn ni ẹdé, akàn àti ẹja ti ń tọ́mọ. Tí ọ́ìlì bá bo ojú omi, atẹ́gùn ò ní í ráàyè wọlé, àwọn ọmọ inú omi á sì kú."

"Ẹ̀fọn ńkọ́?" ni baba bi í.

"Ẹ kó pàǹtí kúrò nínú gọ́tà kó lè máa ṣàn dáadáa. Tanwíjí kì í fẹ́ omi tó ń ṣàn. Ẹ da omi inú agolo àti táyà àlòkù nù, ẹ dé ìkòkò omi yín, ẹ ta nẹ́ẹ̀tì sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ́ìlì kọndẹ́m, a ti gbé àgbá kan sétí ọ̀sà tí à ń gbà á sí. Kí mẹkáníìkì yín náà máa gbé tirẹ̀ wá síbẹ̀."

Ọjọ́ yẹn gan-an ni baba gba lẹ́búlẹ́bú igi tí ayùn fá lọ́dọ̀ káfíńtà, ó fi fa ọ́ìlì inú gọ́tà títí ẹ̀yìn fi ń ro ó. Ó lọ bá mẹkáníìkì ní Mile 2, ó sọ ọ̀rọ̀ náà yé e. Láti ọ̀sẹ̀ náà lọ, ilé dé ilé ló ń wọ̀ ní Festac, ó ń sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, kò fi bò. Àwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá olólùfẹ́!" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n ṣáà gbọ́n gọ́tà wọn.

Ìyá Sùrájù ò sọ pé òun ò lọ mọ́. Ó kàn ní òun á fi òjò ọdún yẹn wò ó. Gbogbo Sátidé tí kò wá, baba ò lè jẹun dáadáa.

Òjò lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá dé. Ẹdé inú abọ́ rẹ̀ kò tíì tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ́, ó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Baba nawọ́ kó rà á.

"Èyí kì í ṣe títà," ni Ìyá Sùrájù wí. "Mo ti ní kí àbúrò mi má retí mi mọ́. Ẹ yẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí n wọlé sè é."

Ẹ̀yin ará wa ní Festac, Àmúwò àti Satellite Town, ìjọba lè máa tún ọ̀sà ṣe títí, bí àwa bá ń da ọ́ìlì, ìdọ̀tí àti ìgbẹ́ sí gọ́tà, asán ni. Ẹ gbé ọ́ìlì kọndẹ́m lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gbà á. Ẹ máa gbọ́n gọ́tà yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má gé igi etí omi. Ohun tí wọ́n kọ́ yín láyé àtijọ́, ẹ tún un béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lónìí. Bí ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe, ẹ jẹ́wọ́ kí ọ̀sà tó kú tán. Kò sí omi gọ́tà tó ń sọnù. Ilé ẹnìkan ló ń lọ, ó sì lè jẹ́ ẹni tí ẹ fẹ́ràn jù lọ láyé.