Ìwé Tí Kúnbi Kọ̀ Láti Fọwọ́ Sí

"Fọwọ́ sí i níbí, ọmọ mi."

Akínlabí, àbúrò bàbá Kúnbi, ló na bírò sí i. Dádì Gwarinpa ni Kúnbi ń pè é láti kékeré, nítorí àdúgbò Gwarinpa ló ń gbé.

Bàbá Kúnbi kò tíì pé ogójì ọjọ́ tó kú. Nínú pálọ̀ wọn ní Kubwa, Kúnbi ka ìwé náà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá rẹ̀ nìkan ló kọ́ ilé náà, pé ìyá rẹ̀ kò lọ́wọ́ sí i. Bí ó bá ti fọwọ́ sí i, ìyá rẹ̀ yóò kó jáde nìyẹn.

"Ọ̀dọ̀ mi ni wàá máa gbé," ni Akínlabí wí. "Èmi ni n ó rán ẹ lọ sí yunifásítì. Ìyá ẹ ò lágbára ẹ̀."

Òótọ́ ni. Kúnbi gba bírò. Ṣùgbọ́n ó rántí ìyá rẹ̀ tòun ti oyún àbúrò Kúnbi nínú, tó ń ru omi fún àwọn bíríkìlà, tó sì ta gbogbo góòlù rẹ̀ kí wọ́n lè kan òrùlé.

"Dádì, ẹ má bínú. Mi ò lè purọ́ mọ́ màmá mi."

"Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Níbo lobìnrin ti ń nílé?"

Ìyá Àgbà, tó bí Akínlabí àti bàbá Kúnbi, gbójú sókè níbi tó jókòó sí nínú pálọ̀ náà.

"Akínlabí, ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí ìyá mi fà mí lọ́wọ́ lọ síwájú ààfin l'Ábẹ́òkúta. Ìjọba ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin, wọn ò sì jẹ́ kí àwọn obìnrin bá wọn gbìmọ̀ ìlú. Wọ́n lu àwọn obìnrin náà, àwọn obìnrin ò padà sílé, títí ìjọba fi fagi lé owó orí náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá yín kú, tí àwọn ẹbí rẹ̀ lé mi kúrò nílé tí mo bá a kọ́, mo dákẹ́. Mo ní àṣà ni. Ìdákẹ́ yẹn ni ìwọ kọ́ lára mi."

Akínlabí ká ìwé rẹ̀, ó bọ́ síta láìkí ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà, kò gbé fóònù Kúnbi mọ́.

Kúnbi kò wọ yunifásítì lọ́dún náà. Ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì kan ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí Akínlabí gbé ọ̀rọ̀ ilé náà lọ sí kóòtù, Kúnbi ló dìde jẹ́rìí fún ìyá rẹ̀, adájọ́ sì ní kí ìyá rẹ̀ máa gbé ilé rẹ̀. Ìyá Àgbà ti kú kí wọ́n tó dájọ́ náà.

Ẹ̀tọ́ obìnrin kì í ṣe ojú rere tí ẹnì kan ń ṣe fún un. Àwọn kan ti jìyà kí ó tó dé ọwọ́ wa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìlérí kankan ra òtítọ́ lẹ́nu yín, nítorí ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.