Àlejò Tí Kì Í Rajà

Ibi tó yẹ kí iye owó bùléńdà wà lójú ìsọ̀ rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ọkùnrin kan ti kọ́kọ́ kí ọmọbìnrin kan: "Ẹ kú àbẹ̀wò o. Ṣé ẹ ò tiẹ̀ ní jókòó ni?"

Ọmọbìnrin náà nu ojú, ó tún un kà. Bàbá rẹ̀ ló ń ta bùléńdà. Òun ló ṣe ètò kọ̀ǹpútà tó ń yọjú sí ìsọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń tà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó ń jábọ̀ iye tí wọ́n ń pè é àti bóyá ọjà ṣì wà nílẹ̀. Ètò kì í tijú: ohun tó bá bá níbi iye owó ló ń gbé wálé.

Ó pe ọkùnrin náà, ó jẹ́wọ́ pé àlejò tó ń wá láàárọ̀-lálẹ́ tí kì í rajà kì í ṣe ènìyàn. Èébú ló ń retí.

"Áà," ni ọkùnrin náà wí, "èmi tí mo ti ń fá irùngbọ̀n nítorí rẹ̀."

Ọkùnrin náà wá ń béèrè: báwo ni ètò náà ṣe ń mọ̀ pé ọjà ti tán, nígbà tí iye rẹ̀ ṣì wà lójú ìwé? Ọmọbìnrin ní kì í gba ojú ìwé gbọ́. Ṣe ló ń ṣe bí ẹni fẹ́ rà á. Bí agbọ̀n ọjà bá kọ̀ ọ́, ó mọ̀ pé ẹnu lásán ni. Ọkùnrin náà ní òun ò gbọ́ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ rí. Ìyìn yẹn wọ ọmọbìnrin lára. Kó tó mọ̀, ó ti ń kọ́ ọ bí yóò ṣe ṣe tirẹ̀. Ìfẹ́ ti wọlé, ó ti tilẹ̀kùn.

Ni bàbá bá gbọ́. Ó ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà wá sí pálọ̀.

"Ọmọ mi lo fẹ́ ni, àbí ètò rẹ̀?"

"Ọmọ yín ni, sà. Ètò yẹn ti rí gbogbo àṣírí mi, kò sì sọ pé òun máa fẹ́ mi."

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó ń gba oníbàárà lọ́wọ́ òun kò ní di àna òun láéláé. Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún.

Kó tó nu ojú tán, fóònù bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í dún, oníbàárà lórí oníbàárà. Àṣé bàbá ti ní kí ètò ọmọ òun máa tà á dín díẹ̀ sí iyekíye tí ọkùnrin yìí bá pè é. Ọkùnrin náà sì ti pa àṣẹ kan náà fún tirẹ̀. Láti àárọ̀ ni ètò méjèèjì ti ń fa ara wọn lọ sísàlẹ̀, títí owó bùléńdà fi kéré ju owó ata tí wọn yóò lọ̀ nínú rẹ̀.

Ọmọbìnrin àti ọkùnrin náà sáré jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo.

"Dá tìẹ dúró," ni ọmọbìnrin wí.

"Tìẹ ni kó kọ́kọ́ dúró, adúmáadán mi." Ó rántí pé bàbá wà níbẹ̀, ó yára tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà.

Wọ́n fi iye kan lélẹ̀ tí ètò kankan ò gbọdọ̀ tà kọjá sísàlẹ̀. Bàbá dúró lẹ́yìn wọn. Ó rí i pé ibi tí ọ̀kan bá fi iṣẹ́ sí ni èkejì ń gbà á, láìbéèrè. Kò rí ọmọ rẹ̀ kó gbádùn iṣẹ́ báyìí rí. Ojú rẹ̀ rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni bàbá wí, "ẹ tètè fẹ́ra yín. Bí ẹ bá tún bá ara yín díje títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀fẹ́ ni mo máa máa pín bùléńdà."