Omi Tí Kóòsé Mu Gbẹ̀yìn

Ọmọ ọdún méje ni Sàwúdátù. Ilé wọn wà ní Tafo, ní ìlú Kùmásí.

Iṣẹ́ kan wà nílé tó jẹ́ ti Sàwúdátù nìkan. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, òun ló ń gbé omi àlùwàlá wá fún ìyá bàbá rẹ̀. Gbogbo ilé ló ń pe ìyá bàbá rẹ̀ ní Àlájà, torí wọ́n ti lọ sí Mẹ́kà.

Inú búta ni omi náà máa ń wà. Búta ni kẹ́tùrù àlùwàlá, ó sì wúwo fún ọmọdé. Omi á máa kán sí Sàwúdátù lẹ́sẹ̀ bó ṣe ń bọ̀. Pò, pò, pò.

Àlájà á ti jókòó sórí àpótí kékeré. Ṣùgbọ́n wọn ò ní tíì wẹ ọwọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ da omi díẹ̀ sínú agolo mílíìkì kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Ta ló ni agolo?

Kóòsé ló ni ín.

Kóòsé ni ológbò ilé náà. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo. Kóòsé sì ni wọ́n ń pe àkàrà ní Kùmásí.

Kóòsé á na ẹsẹ̀ iwájú. Á na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Á yán. Kì í kánjú, àfi bí ẹni tó ni ilé. Lẹ́yìn náà ló máa ki ẹnu bọ agolo.

Láà, láà, láà.

"Ẹ jẹ́ kó mu tirẹ̀ tán," ni Àlájà máa ń wí. "Ara ilé ni. Ẹnu ológbò kì í ba omi àlùwàlá jẹ́."

Bí Kóòsé bá mu tán, Àlájà á ní, "Bísímílá." Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ àlùwàlá.

Bó ṣe ń rí lójoojúmọ́ nìyẹn. Kóòsé á ṣáájú, Àlájà á tẹ̀ lé e.

Kóòsé ju Sàwúdátù lọ. Ọdún tí ebi mú gbogbo Gánà ni wọ́n gbé e wá sílé. Ó kéré nígbà náà débi pé inú bàtà ló ń sùn. Àgbàdo tó kù nílé kò ju ìlàjì àpò lọ, Kóòsé ló sì ń ṣọ́ ọ. Eku kankan ò tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bí Sàwúdátù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Kóòsé ń sùn sí. Nígbà tí Sàwúdátù ń kọ́ ìrìn, ìrù Kóòsé ló ń dì mú. Kóòsé fara dà á.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, Sàwúdátù gbé búta wá. Pò, pò, pò. Àlájà da omi sínú agolo.

Kóòsé ò wá.

Sàwúdátù pè é. Ó tún pè é. Kò gbọ́ láà, láà, láà.

Ó wo ẹ̀yìn àgbá omi. Kóòsé ò sí níbẹ̀.

Ó wo ẹ̀gbẹ́ ààrò. Kóòsé ò sí níbẹ̀.

Ó wo àárín bàtà tí bàbá rẹ̀ ń kó lọ tà ní ọjà Race Course. Kóòsé ò sí níbẹ̀ náà.

Abẹ́ ibùsùn Àlájà ló wà. Ó ká jọ sórí ìró àtijọ́ kan. Ó la ojú, ó wo Sàwúdátù, kò sì dìde.

Sàwúdátù gbé agolo sún mọ́ ọn. Kóòsé yí ojú kúrò.

Kwaku, ọ̀rẹ́ Sàwúdátù tó ń gbé nílé kejì, mú orí ẹja gbígbẹ kan wá. Kwaku mọ irú ẹja tí Kóòsé fẹ́ràn, torí ilé wọn ló ti máa ń jí i. Kóòsé ò tilẹ̀ gbóòórùn rẹ̀.

Bàbá Sàwúdátù wá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n rọra fọwọ́ kan Kóòsé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Egungun ni ọwọ́ wọn bà.

"Ó ti gbó, Sàwúdátù," ni wọ́n wí. "Ara kì í ṣe òkúta."

Inú bí Sàwúdátù. Ó ní ṣé Àlájà náà ò gbó ni? Àlájà ò ní eyín mẹ́rin lókè, síbẹ̀ wọ́n jẹ túwó lánàá, wọ́n sì tún ní kí wọ́n bù sí i.

Bàbá rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jáde. Wọ́n padà sí iwájú ilé, níbi tí wọ́n ti ń rán bàtà tó já.

Ìgbà yẹn ni Sàwúdátù rántí omi Sámúsámù.

Àlájà ló gbé omi náà bọ̀ láti Mẹ́kà. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, gbogbo àdúgbò wá kí wọn, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì mu ìdérí kan. Ẹni tí orí ń fọ́ mu ún. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn mu ún. Gbogbo wọn ní ara tu àwọn.

Ìgò kékeré kan péré ló kù. Inú àpótí irin Àlájà ló wà, lórí aṣọ funfun kan tí wọ́n ká dáadáa. Àlájà ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní ọjọ́ kan làwọn ń tọ́jú rẹ̀ dè.

Sàwúdátù ò mọ ọjọ́ wo ni. Ó rò pé ọjọ́ àìsàn ńlá ni. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ náà ti dé.

Àlájà ti lọ sí àsàlátù. Ìyá Sàwúdátù ti lọ pọn omi. Sàwúdátù ṣí àpótí irin náà. Kẹ́ẹ̀!

Àyà rẹ̀ ń lù. Kì, kì, kì. Ó mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe kò dáa. Ó ṣe é bẹ́ẹ̀ náà.

Ó gbé ìgò náà wọ abẹ́ ibùsùn. Ó ti ìka bọ omi, ó kán an sí Kóòsé létè. Tó.

Kóòsé lá ètè rẹ̀.

Ó tún kán an. Tó.

Kóòsé gbé orí díẹ̀. Ó fi ahọ́n rẹ̀ tó rí ṣákiṣàki lá ìka Sàwúdátù.

Láà. Láà. Láà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni. Lẹ́yìn náà, àyà Kóòsé bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Hùrù, hùrù, hùrù. Ó ti pẹ́ tí Sàwúdátù ti gbọ́ ohùn yẹn.

Inú Sàwúdátù dùn gan-an. Ó dá a lójú pé Kóòsé ti ń sàn. Ó da gbogbo omi tó kù sínú agolo, kí Kóòsé lè rí i mu tó bá tún fẹ́. Ìgò ṣófo.

Nígbà tí Àlájà dé, wọ́n rí àpótí tó ṣí sílẹ̀. Wọ́n rí ìgò. Wọ́n rí agolo.

Bí Àlájà bá ń bínú, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ trotro lójú títì máa ń gbọ́. Lọ́jọ́ yẹn, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàwọn ti ìborùn àsàlátù wọn.

Ìyẹn gan-an ló ba Sàwúdátù lẹ́rù.

"Àlájà, mo ti wò ó sàn," ni ó wí.

Àlájà fà á mọ́ra. "Ṣé o mọ ọjọ́ tí mò ń tọ́jú omi yẹn dè?"

Sàwúdátù ní òun ò mọ̀ ọ́n.

"Ọjọ́ tí èmi náà máa kú ni. Ẹnu ẹni tó ń lọ máa ń gbẹ. Wọ́n á rọra fi omi tọ́ ọ létè, kí ara lè rọ̀ ọ́. Aṣọ funfun yẹn náà, ti ọjọ́ yẹn ni."

Ọ̀rọ̀ méjì ló bá Sàwúdátù lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti lo omi Àlájà. Àlájà sì máa kú.

Ó bú sẹ́kún. Ó di aṣọ Àlájà mú gírígírí, ó bi wọ́n bóyá òní ni.

"Kì í ṣe òní," ni Àlájà wí. "Mo ṣì ń jẹ túwó."

"Kóòsé ńkọ́?"

Àlájà kì í parọ́ fún ọmọdé.

"Kóòsé ń lọ," ni wọ́n wí. "Omi yẹn kì í dá ọjọ́ padà, ọmọ mi. Kò sí omi tó ń dá a padà."

Sàwúdátù sunkún títí ó fi ń súkè. Àlájà ò ní kó dákẹ́. Wọ́n kàn ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn.

Nígbà tó ṣe, wọ́n bi í pé, "Ṣé ó mu ún?"

"Ó mu ún. Láà, láà, láà."

Omi wà lójú Àlájà náà. "Omi náà ò ṣòfò nìyẹn," ni wọ́n wí. "Ó dé ẹnu tó gbẹ."

Sàwúdátù ní kí wọ́n má bínú pé òun ṣí àpótí wọn láìtọrọ. Àlájà ní ó dun àwọn, ṣùgbọ́n àwọn ti dárí jì í. Wọ́n ní ohun tó yẹ kí gbogbo ilé ṣe báyìí náà nìyẹn. Bí ẹnìkan bá fẹ́ lọ, àwọn tó kù á tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, kó má bàa gbé ìbínú ẹnikẹ́ni lọ.

Wọ́n bá pe gbogbo ilé jọ, àti Kwaku. Wọ́n gbé Kóòsé lé Sàwúdátù lẹ́sẹ̀.

Sàwúdátù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kí Kóòsé dárí ji òun tí òun fi okùn so agolo mọ́ ọn nírù lọ́jọ́ Iléyá.

Kwaku ní ẹja kan ni Kóòsé jí lọ́jọ́sí, òun ló sọ fún ìyá òun pé méjì ni.

Ó kan Àlájà. Wọ́n ní lọ́dún ebi yẹn, ẹja kan ṣoṣo tó wà nílé ti inú ìkòkò pòórá. Wọ́n ní àwọn fi ìgbálẹ̀ na Kóòsé, àwọn sì lé e sínú òjò. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dun àwọn.

Bàbá Sàwúdátù wúkọ́. Wọ́n wo ilẹ̀. Wọ́n ní àwọn làwọn jẹ ẹja náà.

Àlájà yíjú sí ọmọ wọn.

"Jùnáídù," ni Àlájà wí.

"Ebi ló ń pa mí, Àlájà."

"Ọdún mẹ́tàlá, Jùnáídù."

Ìyá Sàwúdátù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ni gbogbo wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú wọn. Bàbá Sàwúdátù kúnlẹ̀ níwájú ológbò, odindi àgbàlagbà, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Hùrù, ni Kóòsé wí. Hùrù.

Lẹ́yìn ìrun Alásàrí, Kóòsé mí. Ó tún mí.

Kò mí mọ́.

Sàwúdátù fẹ́ kí wọ́n fi aṣọ funfun wé e. Àlájà ní ti ènìyàn ni funfun. Wọ́n mú ìró àtijọ́ tí Kóòsé ń sùn lé lórí, wọ́n sì fi wé e. Òórùn Àlájà wà lára ìró náà.

Bàbá Sàwúdátù gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kwaku sáré lọ sílé wọn, ó sì wọ aṣọ dúdú bọ̀, torí bẹ́ẹ̀ làwọn ará ilé tirẹ̀ ń ṣe bí ènìyàn wọn bá kú. Aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó dé e lórúnkún.

"Sàwúdátù, due," ni ó wí. Bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní èdè Twi nìyẹn. "Due, due."

Sàwúdátù fọwọ́ ara rẹ̀ gbé Kóòsé sílẹ̀. Kóòsé fúyẹ́ gan-an.

"O ṣé tí o bá wa ṣọ́ àgbàdo," ni ó wí. "Ó dojú àlá, Kóòsé."

Ilẹ̀ mọ́. Sàwúdátù gbé búta wá. Pò, pò, pò.

Àlájà jókòó sórí àpótí kékeré. Iṣẹ́ náà ti mọ́ wọn lára, wọ́n ti da omi sínú agolo kí wọ́n tó rántí.

Àwọn méjèèjì ń wo agolo.

Kò sí ẹni tó wá. Sàwúdátù bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àlájà ò kánjú. Wọn ò tíì fọwọ́ kan omi.

Nígbà tí ẹkún rọlẹ̀, Sàwúdátù ní, "Àlájà, mo ti da omi yín tán. Tí ọjọ́ yín bá dé, kí lẹ máa mu?"

"Omi kànga náà dáa," ni Àlájà wí. "Kí ọwọ́ ẹni tó ń kán an ṣáà ti rọ̀."

Sàwúdátù wo ìka rẹ̀, èyí tí Kóòsé lá.

"Èmi ni màá kán an fún yín," ni ó wí. "Díẹ̀díẹ̀ ni. Mo ti mọ̀ ọ́n ṣe."

Àlájà di ìka náà mú, wọn ò sì tètè fi í sílẹ̀.

"Ṣùgbọ́n kì í ṣe òní," ni Sàwúdátù wí.

"Kì í ṣe òní," ni Àlájà dáhùn.

Adìẹ kan láti ilé Kwaku ń bọ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ki ẹnu bọ agolo Kóòsé. Kó, kó, kó.

Àlájà wo Sàwúdátù bóyá ó máa lé e.

Sàwúdátù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó mu tirẹ̀ tán," ni ó wí.

Adìẹ mu tirẹ̀ tán. Àlájà ní, "Bísímílá." Sàwúdátù gbé búta náà sókè, ó sì ń da omi sí wọn lọ́wọ́, díẹ̀díẹ̀.