Gbèsè Àárọ̀ Mẹ́sàn-án

Awakọ̀ tó ń kó ike wá fún mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi. N kò ní fi ọkọ mi tó kú búra fún yín, torí ọkọ mi pàápàá máa ń parọ́ nígbà tó wà láàyè. Ojú mi méjèèjì ni mo fi búra. Ohun tí wọ́n rí ni mo kọ. Ẹni tí kò bá gbà, kó máa bá tiẹ̀ lọ.

Ó ń já bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Màmá, ẹ ò wulẹ̀ sọ fún mi pé ẹ ti fi èèyàn sínú ilé yín lóko."

"Ilé wo?"

"Ilé onípáànù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọsàn, tí ẹ fi hàn mí lọ́jọ́sí. Títì bàjẹ́, mo gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ àná. Iwájú ilé mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀."

"Kò sẹ́ni níbẹ̀. Ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀."

"Ewúrẹ́ tó ń gbálẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tà á fún mi. Kó wá kọ́ ìyàwó mi."

N kò rẹ́rìn-ín. Mo ní báwo ni wọ́n ṣe gbá a. Ó ní ṣé ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà gbálẹ̀ ni. Mo ní kó yà á fún mi. Ó fi ìka yà á sínú eruku ara mọ́tò rẹ̀. Ìlà wẹ́wẹ́, ìlà lórí ìlà bí ìpẹ́ ẹja. Gbogbo rẹ̀ tẹ̀ sí òsì.

"Ipasẹ̀ ńkọ́?"

Ó nu ìka mọ́ ṣòkòtò. "Ẹ wá wò ó, màmá. N ò rí ipasẹ̀ kankan."

Mo jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun. Bọ́kẹ́ẹ̀tì fọ́. Ẹ̀rín pa awakọ̀. Èmi jókòó sórí èyí tó fọ́ náà, n kò lè dìde.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń gbálẹ̀ báyẹn. Àbúrò mi obìnrin ni. Ọwọ́ òsì ló ń lò. Ó sì máa ń fẹ̀yìn rìn ni, láti etí ọ̀nà títí dé ẹnu ilẹ̀kùn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má bàa ba ibi tó ti gbá jẹ́. Tó bá parí, inú ilé ló máa ń bá ara rẹ̀.

Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí a ti sin ín.

Ìyá wa pín ilẹ̀ gbígbá fún wa nígbà tá a wà lọ́mọdé. Èmi lónìí, òun lọ́la. Èmi fẹ́ràn oorun. Ilẹ̀ á mọ́, màá fi ẹsẹ̀ tì í lórí ẹní. "Bá mi gbá tèmi. Màá san án." Kò jiyàn rí. Á dìde, á wọ́n omi sílẹ̀, òórùn erùpẹ̀ tútù á gba ojú fèrèsé wọlé. Màá máa gbọ́ ọwọ̀: ṣáá, ṣáá, ṣáá. Oorun tó dùn jù láyé nìyẹn, oorun ẹni tí wọ́n ń bá gbálẹ̀.

Ọsàn tó bá já lóru, ẹni tó gbálẹ̀ ló ni ín. Síbẹ̀, á yí ọ̀kan wọlé fún mi, gbirigbiri, á wá kan orí mi. "Ẹ̀gbọ́n Ọ̀lẹ, ẹ jí. Ilẹ̀ ti mọ́." Ìrì á wà lára ọsàn náà. Láti ìgbà tí mo ti ń fowó ara mi ra ọsàn jẹ, n kò tíì rí èyí tó tutù bẹ́ẹ̀.

Ó ń fi èédú sàmì gbèsè náà sára ògiri funfun tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Ọjọ́ tí mo ń lọ kọ́ ọjà lọ́dọ̀ àǹtí wa nílùú, ó sìn mí dé etí ọ̀nà.

"Mẹ́sàn-án ló kù o, Ẹ̀gbọ́n Ọ̀lẹ."

"Màá san án tí mo bá dé."

N kò sun ibẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo lọ sin bàbá, mo lọ sin ìyá, mo lọ sin òun náà. Gbogbo rẹ̀ ni mo fi ọ̀sán lọ, tí mo fi ọ̀sán dé. Mo ní ọjà ń dúró dè mí. Ọjà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Bí awakọ̀ ṣe lọ tán, mo ti ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ mi pè mí lórí fóònù nígbà tí mo wà nínú mọ́tò.

"Màmá, wọ́n ní ẹ ti ṣọ́ọ̀bù. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Mo ń lọ gbálẹ̀."

"Ẹ ń lọ kí ni?"

"Ilẹ̀. Mo ń lọ gbá a. Gbé fóònù sílẹ̀, owó rẹ ń lọ."

Ìrọ̀lẹ́ ni mo débẹ̀. Àwọn ilé yòókù ti wó, igbó ti bò wọ́n. Igi ọsàn wà níbẹ̀, ó ti gbó, kò so mọ́. Ṣùgbọ́n iwájú ilé mọ́. Ìlà tẹ̀ sí òsì láti etí ọ̀nà dé ẹnu ilẹ̀kùn. Àgádágodo wà lára ilẹ̀kùn, ó ti dípẹtà. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní ìdí mi láti ọdún mọ́kànlá. Òróró ni mo fi ṣí i. Kò sẹ́ni nínú ilé. Àmì èédú mẹ́sàn-án wà lára ògiri ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó dúdú bí ẹni pé àná ni wọ́n fà á.

Mo tẹ́ ẹní síbi tí mo máa ń sùn. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, mo gbọ́ ọ.

Ṣáá. Ṣáá. Ṣáá.

Ẹ̀rù bà mí. N kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ojú mi ti fẹ́ padà sùn, ẹ gbà mí gbọ́. Ara mi rántí. Ọwọ̀ náà ń sún mọ́lé díẹ̀díẹ̀. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó dúró.

Mo pariwo látorí ẹní. "Fi sílẹ̀! Láti ọ̀la lọ, èmi ni màá gbá a!"

Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ikọ́ rẹ̀ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, àkọ́kọ́ nínú mẹ́sàn-án, mo dìde kí àkùkọ tó kọ. Mo wọ́n omi, mo gbá a. Ẹ̀yìn mi fẹ́ já. Nígbà tí mo dé ìdí ògiri, àmì ti di mẹ́jọ. Mo sọ fún un pé mo ń san án, pé kó má fojú ọ̀lẹ wò mí mọ́. Mo gbọ́ tí omi ń dà sínú ìkòkò nílé ìdáná. Mo wọ ibẹ̀. Ìkòkò gbẹ.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ. Mo ń gbá a, àmì ń pa rẹ́. Mo máa ń bá a sọ̀rọ̀, mo ń bú àwọn oníbàárà mi fún un, mo ń bú ọkọ mi fún un. Á wúkọ́. Lọ́jọ́ karùn-ún, nǹkan kan yí gbirigbiri wá kan ilẹ̀kùn nígbà tí mo sinmi. Mo ṣí i. Kò sí nǹkan kan. Mo jókòó síbẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé tí wọ́n gba ọsàn lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo kíyè sí i. Bí àmì ṣe ń dín kù ni ohùn rẹ̀ ń dín kù. Ọjọ́ kẹfà, n kò gbọ́ omi mọ́. Ọjọ́ keje, ikọ́ náà ti jìnnà, bí ẹni pé etí odò ló ti ń wúkọ́. Ọjọ́ kẹjọ, kẹ́kẹ́ pa.

Ọmọ mi tún pè. "Màmá, àwọn oníbàárà ń béèrè yín."

"Kí wọ́n lọ ra níbòmíì."

"Màmá, ṣé ara yín dá?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, mo gbá a jẹ́jẹ́. Mo gbá a bí ẹni tí kò fẹ́ kó tán. Nígbà tí mo dé abẹ́ igi ọsàn, mo dá ibì kan sí, kò ju ìwọ̀n ẹní kan lọ. Ewé kún ibẹ̀. N kò fọwọ́ kàn án.

Mo sọ ọ́ sókè. "N kò gbá ibẹ̀ yẹn. Mo ṣì jẹ ọ́. Ṣé o gbọ́? Mo ṣì jẹ ọ́."

Mo fi ọwọ̀ ti ara igi, mo wọlé lọ bu omi ṣan ẹsẹ̀. Kò pẹ́ rárá.

Nígbà tí mo jáde, abẹ́ igi ti mọ́. Kò sí ewé kankan. Ìlà wẹ́wẹ́ bí ìpẹ́ ẹja, gbogbo rẹ̀ tẹ̀ sí òsì. Ọwọ̀ wà níbi tí mo fi tì í sí. Mo dì í mú. Ìdí rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Mo sáré lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Ògiri funfun, kò sí àmì kan.

Ó tún ti bá mi gbá tèmi. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fi èédú kọ ọ́.