Ta Ló Ń Da Kírísítá Láàmú?

"Wọ́n ti bà á jẹ́! Wọ́n ti bayé mi jẹ́!"

Igbe akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ni Inspẹ́kítọ̀ Agbọ́tán bá pàdé ní yàrá ìwádìí. Kírísítá purotéènì lọmọ náà ń tọ́jú, ohun kan tó ń dì bí iyọ̀. Láàárọ̀ kùtù, kí ariwo títì tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ awò tó ń fi ohun tójú ò lè rí hàn a máa dá ṣiṣẹ́, abẹ́rẹ́ ṣóńṣó rẹ̀ a máa rìn gbẹ̀rẹ̀ lórí kírísítá, a máa ya àwòrán bó ṣe ń ga ní ìpele-ìpele. Àmọ́ gbogbo àwòrán ọ̀sẹ̀ yìí ló kún fún ìgbì bí omi odò. Ọ̀sán ọ̀la ló sì gbọ́dọ̀ fi èyí tó mọ́ han ìgbìmọ̀ tó ń pín ẹ̀rọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́?"

"Èmi àti Bàbá Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ mi nìkan, sà. Mi ò sì kì í dé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa."

Ọkùnrin yàrá kejì ni ẹ̀rọ máa bọ́ sí lọ́wọ́. Ó fajú ro. "Ọ̀gá, ẹ̀rọ tí mò ń dù, ṣé èmi náà ni màá tún lọ bà á jẹ́?"

Bàbá Ọ̀jọ̀gbọ́n mi orí. "Inspẹ́kítọ̀, bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹ wo àárín wa dáadáa."

"Ohùn yín ti há, sà. Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀?"

"Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ilé mi ti dákẹ́ látìgbà táwọn ọmọ ti lọ."

Inspẹ́kítọ̀ tún wo àwòrán. Ìgbì náà a lọ díẹ̀, a dúró díẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀. Ó rí àga kan tí wọ́n fà mọ́ ẹ̀rọ pẹ́kípẹ́kí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó kó gbogbo wọn jọ síwájú ẹ̀rọ. Àwòrán ń jáde, ó mọ́ tónítóní. Ló bá jókòó sórí àga yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Kíá, ìgbì dé!

"Yéè!" Bàbá dọwọ́ borí.

Inspẹ́kítọ̀ kọjú sí i. "Ẹni tí ò ní kọ́kọ́rọ́ ò lè wọlé. Ìgbì tó ń dúró mí, ti èèyàn ni. Ẹni tí ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ há. Bàbá, ẹ̀yin ni ògiri tó lanu."

"Mo ń kọrin rẹ̀ ẹ́ ni o, kó lè dàgbà! Bí mo ṣe rẹ àwọn ọmọ mi nìyẹn. Mi ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án!"

"Abẹ́rẹ́ tó kéré tó yẹn, orin á mì ín, sà. Àmọ́ àwòrán ló bàjẹ́, kírísítá ò ṣe nǹkan kan."

Akẹ́kọ̀ọ́ náà ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá mi, ẹ ṣé tẹ́ ẹ fẹ́ràn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi panu mọ́ láàárọ̀ yìí."

Gbogbo wọn panu mọ́. Ìlà kan tẹ̀lé òmíràn, títí ìpele tuntun fi yọ lórí kírísítá, kedere. Ọmọ náà fẹ́ pariwo. Bàbá sáré fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Wọ́n yọ́ jáde lọ sí ìta gbangba, wọ́n pa gbogbo ilẹ̀kùn dé. Ibẹ̀ ni Bàbá ti fi ohùn tó há kọ gbogbo orin tó kù nínú ẹ̀, ọmọ ẹ̀ sì ń jó.